Bí A Ṣe Béèrè Dámilọ́lá Lọ́wọ́ Ìjọba

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òpópónà Adébímpé,
                                                  Òkòtà, Ìsọlọ̀,
                                                  Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                  Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Lará mi àtàtà,

Mo kí ọ o, ọ̀rẹ́ àtọjọ́pẹ́. Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Tẹjú ọmọ mi, ṣé ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń lé kiri? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́? Bá mi sọ fún wọn pé ìpara tí wọ́n fi rán sí mi lọ́jọ́sí, ọkọ mi ló fi gbogbo rẹ̀ pa ẹ̀yìn tán, kò kù fún mi rárá. Nílé wa níbí, ara le. Ṣemílọ́rẹ ti ga jù mí lọ, bí ó bá sì ti dé láti ilé ìwé, á fọwọ́ lé mi lórí bí ẹni ń súre fún ọmọdé.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. O pè, n kò gbé e. O kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, n kò fèsì. Má bínú. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò àti ìwé bí ìgbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Inú mi dùn lónìí, Lará, orin ni mo ń kọ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí inú mi ò ti dùn.

O rántí Dámilọ́lá, àbíkẹ́yìn ìyá mi, tó máa ń jí ẹ̀pà rẹ jẹ nígbà tí o bá wá sílé wa ní Adó-Èkìtì. Ó ti di ológun láti ọdún mélòó kan. Òkè Ọya ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí ogun àwọn agbésùnmọ̀mí kò tíì tán. Ọjọ́ Àìkú kan kì í lọ kó má pè mí. Ní ìparí oṣù Kẹfà, rédíò sọ pé wọ́n kọlu àgọ́ àwọn ológun kan lápá ibẹ̀. Ọjọ́ Àìkú dé, Dámilọ́lá kò pè. Òmíràn tún dé, kò pè. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ títí, obìnrin inú fóònù yẹn nìkan ló ń dá mi lóhùn. Oṣù Keje wọlé, ó jáde, bákan náà ni. Ẹnikẹ́ni kò wá sọ fún wa pé ó wà, ẹnikẹ́ni kò sì wá sọ pé kò sí.

Gúrúùpù kan wà lórí Wásáàpù tí àwa ẹbí àwọn ológun agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ dá sílẹ̀. Ẹbí Akọni ni a sọ ọ́. Kí wàhálà yìí tó dé, ibi ayọ̀ ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fi àwòrán ránṣẹ́ á gbé e síbẹ̀, gbogbo wa á máa kí i. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì wà níbẹ̀, ọmọ onílẹ̀ Ìsọlọ̀ wà níbẹ̀, àti àwa ará òkè. Àwọn tí n kò fojú rí rí ló kí mi kú ọjọ́ ìbí lọ́dún yìí kí ọkọ mi tó rántí.

Ádímíìnì tó ń darí rẹ̀ ni Alàgbà Olúsànyà, alàgbà nínú ìjọ tiwa gan-an níbí ní Òkòtà. Dọ̀tun, àkọ́bí rẹ̀, wà nínú iṣẹ́ ológun bákan náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa sọ "wọ́n" fún àgbàlagbà, Lará, ṣùgbọ́n títí n ó fi dé ibi tí inú mi ti yọ́ sí Alàgbà nínú ìtàn yìí, "ó" ni n ó máa lò. Dárí jì mí. Bàbá náà mọ àdúrà gbà ṣá. Láràárọ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ń dé sórí fóònù wa, ohùn tó wúwo bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá, àwa náà á sì máa tẹ Àmín lọ gbọọrọ.

Nígbà tí ìròyìn ìkọlù yẹn dé, Ìyá Hàkímù ló kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀. Ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ ni màmá náà, aṣọ ọmọdé ni wọ́n ń tà ní ọjà Aswani. Àgọ́ kan náà ni Hàkímù ọmọ wọn àti Dámilọ́lá wà. Wọn kì í fẹ́ kọ ọ̀rọ̀, ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ta la lè bi nínú ìjọba pé ibo làwọn ọmọ wa wà? Bí wọ́n bá wà láàyè, kí wọ́n sọ fún wa. Bí wọn ò bá sí, kí wọ́n sọ fún wa."

Alàgbà fèsì lójú ẹsẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ló fi aláṣẹ sípò. Ó ní ẹni tó bá ń bi ìjọba ní ìbéèrè nígbà ogun, ọ̀tá ló ń ràn lọ́wọ́, pé àìnígbàgbọ́ ló ń dààmú Màmá, kí wọ́n lọ gbààwẹ̀. Àmín rọ̀ bí òjò. Ìyá Hàkímù dáhùn pé àwọn ń gbààwẹ̀ ná, ṣùgbọ́n ẹnu tí àwọn fi ń gbààwẹ̀ náà làwọn á fi béèrè ọmọ àwọn. Kò pẹ́, a rí i lójú fóònù pé Alàgbà ti yọ Ìyá Hàkímù kúrò nínú gúrúùpù.

Ó dùn mí wọnú eegun. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó dá Màmá padà, pé ìbéèrè wọn ni ìbéèrè tèmi náà. Dípò kó fèsì lójú gbogbo ayé, ó pè mí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó ní, "Folúkẹ́, olùkọ́ ìjọba ni ọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ. O mọ bí mo ṣe lé iṣẹ́ yìí tó kí wọ́n tó gbà mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, tí í ṣe ọjọ́ ọjà Aswani, mo wá ìsọ̀ Ìyá Hàkímù lọ bí a ti jáde nílé ìwé. A kò fojú kan ara wa rí. Mo bá wọn láàárín àwọn gáàùn kéékèèké tí wọ́n fi kọ́ sókè bí àsíá, mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni Folúkẹ́. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n wojú mi fínnífínní, wọ́n ní, "Ojú Dámilọ́lá nìyí. Hàkímù máa ń sọ pé ọmọ Èkìtì yẹn kì í jẹ́ kóun jẹ ẹran òun ní àlàáfíà." Ẹ̀rín pa wá, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Oníbàárà kan tó ń ná ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ dúró, kò mọ èwo ni kó bá wa ṣe. Nígbà tí a nu ojú tán, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti bẹ Ọlọ́run, n ó sì tún bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ yìí. Àmọ́ Ọlọ́run kọ́ ló wá fi ọkọ̀ gbé Hàkímù lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni tó gbé ọmọ ẹni lọ là ń bi."

Nísinsìnyí, gbọ́ bí Ọlọ́run ṣe dá sí i. Àkókò ìsinmi ni, a wà ní yàrá àwọn olùkọ́. Ohùn kan wọlé sórí Ẹbí Akọni láti ọ̀dọ̀ Alàgbà. Mo rò pé àdúrà ọ̀sán ni, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì gbàgbé pé mo ti gbé ohùn fóònù náà sókè. Ohun tí gbogbo yàrá gbọ́ ni pé: "Ọ̀gá mi, ẹ ṣé o, ẹ ò ní ṣìnà. Dọ̀tun ti dé Àbújá. Ọ́fíìsì tí ẹ bá mi wá fún un yẹn, tútù ló ń tutù, ó ní òun ń wọ súwẹ́tà. Mo ti sọ fún yín, èmi ò lè fi àkọ́bí mi ta ogun lọ́rẹ. Àwọn yòókù kẹ̀? Ẹn, àwọn yòókù, à ń gbàdúrà fún wọn."

Lará! Ọ̀gá rẹ̀ yẹn ló fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì í tẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ó sáré pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Ẹnì kan ti gbà á sílẹ̀, ó sì dá a padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá ń jáde bí oyin tí a tọ́ níjà. Wọ́n pè é ní alágàbàgebè, wọ́n pè é ní Farisí. Wọ́n ní ká lé e jáde nínú gúrúùpù, ibẹ̀ la ti wá rí i pé òun nìkan ni ádímíìnì, kò sí ẹni tó lè lé e àfi tí ó bá lé ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ inú ń bí mi burúkú burúkú.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí àdúrà òwúrọ̀. Fóònù mi dákẹ́ lọ́nà tó ṣàjèjì sí mi. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, ohun kan hàn lójú rẹ̀: Alàgbà ti dá Ìyá Hàkímù padà. Ìyẹn nìkan ló ṣe.

Gbogbo wa ń retí kí Màmá fi ẹnu wọn gé bàbá náà. Ohùn wọn dé. "Ẹ̀yin ará, ẹ fi Alàgbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀, èmi náà ì bá bẹ̀bẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ rí ọ̀nà, Alàgbà, ẹ wọlé, ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa síta. A ò ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ wa kúrò lójú ogun, iṣẹ́ tí wọ́n yàn ni. Ká ṣáà mọ̀ bóyá wọ́n wà láàyè. Ẹ wá bá wa béèrè."

Èsì Alàgbà dé. Ohùn àgbá yẹn ti di ohùn ẹni tí kò sùn. "Màmá, mo gbọ́. Ẹ foríjì mí. Ọjọ́ wo la ń lọ?"

Ibí ni inú mi ti yọ́ sí wọn. Láti ibí lọ, "wọ́n" ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a pàdé ní àgbàlá Ìyá Hàkímù. Ó dùn mọ́ mi láti rí ojú àwọn tí mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀kan wà tí mo ti máa ń pè ní àbúrò nítorí àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lórí orúkọ rẹ̀. Bàbá arúgbó ló jáde sí mi, Bàbá Ọládùnní, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nítòsí ojú irin ní Òṣòdì. Àwòrán ọmọ wọn tó jẹ́ ológun ni wọ́n fi síbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kúnlẹ̀ papọ̀ láti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní àbúrò lọ, pé ó ń tu àwọn lára.

A ṣe fídíò kan. Ọkọ mi ti ní kí n fi gíláàsì dúdú bojú nítorí iṣẹ́ mi, mo ní Dámilọ́lá kò bojú lọ sógun. A tò, a ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi ni ìyá Hàkímù. Hàkímù ọmọ mi dà?" "Èmi ni ẹ̀gbọ́n Dámilọ́lá. Dámilọ́lá dà?" Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Alàgbà ló parí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n, àwọn fúnra wọn ló ní, "Èmi ni bàbá Dọ̀tun. Ọmọ tèmi wà ní Àbújá nítorí pé mo mọ ènìyàn. Àwọn wọ̀nyí kò mọ ènìyàn. Ìjọba wa, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ wọn dà?"

A gbé e sórí Fesibúùkù, ó sì fò kúrò lọ́wọ́ wa. Àwọn kan bú wa. Wọ́n ní ọ̀tá ìlú ni wá, wọ́n ní ká lọ jókòó sílé ká gbàdúrà. Ẹni tó bú mi jù, àwòrán ara rẹ̀ níbi tó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú ìsìn ló fi síwájú ojú ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n, Lará, àwọn tó kù! Obìnrin kan láti Ìlọrin kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sábẹ́ fídíò náà, ó ní, "Òun náà dà?" Òmíràn kọ tirẹ̀ láti Ìbàdàn, òmíràn láti Kàdúná. Ojú ewé náà di ibi tí orúkọ ń hù bí koríko. N kò mọ ẹnì kankan nínú wọn, gbogbo wọn sì di ẹbí mi.

Ọ̀gá ilé ìwé wa, Ìyáàfin Abọ́sẹ̀dé, ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní ẹnì kan lókè ti pè láti béèrè irú ènìyàn tí mo jẹ́. Wọ́n wò mí lókè gíláàsì wọn, wọ́n ní, "Mo sọ fún un pé olùkọ́ tó ń tètè dé ni ọ́. Padà sí kíláàsì rẹ."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n pè wá sí bárékè kan. Ọ̀gá ológun obìnrin kan ló gbà wá, ó fún wa ní àga àti omi tútù. Ó ní àwọn ọ̀tá ti jó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì agbègbè yẹn, wọ́n sì ti kó àwọn ọmọ wa lọ sí àgọ́ mìíràn nínú igbó. Púpọ̀ nínú wọn wà láàyè, wọn yóò sì rí fóònù pè wá láìpẹ́. Ó wá ní, "Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún yín. Ẹ má bínú." Gbólóhùn kékeré yẹn ni gbogbo ohun tí a ń wá. A béèrè, ìlú kò tú, ọ̀tá kò tìtorí rẹ̀ gba abúlé kankan.

Ó ní kí Bàbá Ọládùnní dúró kí ó bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá jáde, wọn kò tíì la ẹnu tí a ti mọ̀. Ọmọ wọn bá ìkọlù oṣù Kẹfà yẹn lọ. Alàgbà di apá wọn mú láti ibẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà wọn ní Òṣòdì, wọn kò gbàdúrà sókè, wọ́n kàn ń bá wọn rìn. Gbogbo wa lọ jókòó tì wọ́n, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, a kún yàrá dé ìta. Bàbá ní, "Mo ti mọ̀ báyìí. Mo lè sunkún ọmọ mi dáadáa. Ẹ̀yin tí tiyín wà, ẹ má torí mi pa ayọ̀ yín mọ́ra o."

Dámilọ́lá pè nígbà tí mo ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní ìṣirò. Nọ́ńbà àjèjì ni, n kì í gbé fóònù nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò dúró gbọ́ tẹnu mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ ohun tó sọ? "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló wé gèlè yẹn fún yín nínú fídíò?" Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí kíláàsì kejì fi sá jáde. Àwọn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ láìmọ ìdí. Ìyáàfin Abọ́sẹ̀dé sáré dé, mo na fóònù sí wọn. Ọ̀gá tí kì í rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í jó níwájú pátákó ìkọ̀wé. Hàkímù pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ra aṣọ ní ìsọ̀ Ìyá Hàkímù lọ́jọ́ yẹn tí wọn kò fún ní ènì.

Alàgbà ní tiwọn, ìjọ ní kí wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìjọba kẹ́gàn ìjọ nínú fídíò. Wọ́n jókòó síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yìn ni fáànù ti ń fẹ́ jù.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí Dámilọ́lá tún pè, ó ròyìn bí wọ́n ṣe wo fídíò wa. Orí fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn péjọ lé. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ á fò sókè, á máa lu àyà. Nùrẹ́nì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù tú ká, ó fa Dámilọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ lè bá mi dárúkọ tèmi náà?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Ẹbí Akọni. Àwọn ìyá ń bá ara wọn du ọmọ náà. Lónìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta, a tún péjọ sí Ìsọlọ̀ láti ṣe fídíò mìíràn fún àwọn tí kò ní ẹni tí yóò béèrè wọn. Kí á tó pinnu ẹni tí yóò dárúkọ Nùrẹ́nì, Bàbá Ọládùnní ti dìde. Wọ́n tún fìlà wọn dé, wọ́n ní, "Èmi ni bàbá Nùrẹ́nì. Nùrẹ́nì ọmọ mi dà?"

Mo fi nọ́ńbà bàbá ránṣẹ́ sí Dámilọ́lá. Fídíò náà kò tíì pé wákàtí méjì lójú ayé tí fóònù bàbá fi dún. A ṣì wà ní àgbàlá níbẹ̀, gbogbo wa la gbọ́ ohùn ọmọkùnrin náà tó ń wárìrì láti òkèèrè: "Bàbá, èmi rèé." Bàbá Ọládùnní wo fóònù, wọ́n wo ojú wa, wọ́n tún gbé e sẹ́nu. Wọ́n ní, "Níbo lo wà láti ọjọ́ yìí?"

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Tẹjú. Kí Màmá, sọ pé mo ń bọ̀ wá gba ìpara mìíràn fúnra mi. Bí o bá ń gbàdúrà, dárúkọ gbogbo wọn.

Èmi tí o mọ̀ láti ìgbà ẹ̀pà,
Folúkẹ́.